Afẹ́fẹ́, Èédú àti Epo: Ìtàn Ọkọ̀ Òkun àti Àpò Kòkó Wa

   Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ pọ́n pẹ́ńsù yín dáadáa, nítorí ọdún púpọ̀ ni a ó dárúkọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Epinmi, ní ilẹ̀ Àkókó. Bí ènìyàn bá dúró ní Epinmi, tàbí tí ó gun òkè Ọ̀kà, tàbí tí ó wà láàárín ọjà Ìkàrẹ́, òkúta àti igbó ni yóò rí. Kò ní rí òkun. Àwọn àgbà wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gbó, tí wọ́n ti tọ́, tí ẹsẹ̀ wọn kò kan omi òkun rí. Nítorí náà, bí mo bá ní ìtàn ọkọ̀ òkun ni mo fẹ́ sọ, ọmọdé kan lè bi mí pé, "Bàbá, kí ló kan ará Àkókó nínú ọ̀rọ̀ òkun?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ wo àpò kòkó kan tí àgbẹ̀ ará Epinmi sá gbẹ, tí ó dì, tí ó sì tà. Ọkọ̀ akẹ́rù yóò gbé e gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ títí yóò fi dé Èkó. Láti Èkó, ọkọ̀ òkun ni yóò gbé e lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọn yóò ti lọ̀ ọ́, tí yóò di ṣokoléètì. Ẹ wá wọ inú ilé àgbẹ̀ náà. Alùpùpù tí ó ń gùn lọ sí oko, òkun ni ó gbà wá. Àlìkámà tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì àwọn ọmọ rẹ̀, òkun ni ó gbà wá. Rédíò tí ó fi ń gbọ́ ohùn mi yìí ńkọ́? Òkun náà ni. Bí a bá pín gbogbo ẹrù tí orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn sí ọ̀nà 100, ó lé ní 80 tí ọkọ̀ òkun ń kó. Ẹni tí kò rí òkun rí pàápàá, ọwọ́ òkun ni ó ti ń jẹun.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí a mú dání bí a ti ń lọ. Èkíní: kí ni ó ń ti ọkọ̀ òkun lọ? Èkejì: ta ni ó ń san owó rẹ̀? Ẹ má gbàgbé ìbéèrè kejì yìí, nítorí nínú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òní wà.

Ní àtètèkọ́ṣe, afẹ́fẹ́ ni ó ń ti ọkọ̀. Àwọn atukọ̀ a ta aṣọ ńlá sórí òpó, afẹ́fẹ́ a fẹ́ sí i, ọkọ̀ a sì máa lọ. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò rú èéfín, kò jó epo. Bí a bá fi ojú èéfín nìkan wò ó, kò sí ọkọ̀ tí ó mọ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú ikùn rẹ̀?

Ní 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Wọ́n tà á fún ọ̀kan, wọ́n tún tà á fún òmíràn, títí ó fi dé Èkó. Ní 1822 àwọn Potogí kó òun àti ọ̀pọ̀ ẹrú mìíràn sínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì. Ọpẹ́ ni pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ òkun nítorí òwò ẹrú bá wọn pàdé, ó sì gbà wọ́n lọ sí Freetown. Ọmọ náà ni ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ṣùgbọ́n ẹgbàágbèje ni kò rí ẹni gbà wọ́n. Afẹ́fẹ́ mọ́ lóòótọ́, ẹrù ọkọ̀ ni kò mọ́. Àwọn ènìyàn wa ni ó sì fi ara wọn san owó rẹ̀.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ni iná dé. Òyìnbó ṣe ẹ̀rọ tí ń fi èédú inú ilẹ̀ hó omi, agbára oru omi náà a sì máa yí àjẹ̀ ọkọ̀. Àwọn baba wa rí èéfín dúdú tí ń rú lórí rẹ̀, wọ́n sì pè é ní ọkọ̀ elééfín. Ọkọ̀ yìí kò dúró de afẹ́fẹ́ mọ́. Ó lè wọ odò lọ sí òkè, kí ó sì kojú ìṣàn omi.

Ní 1832 Macgregor Laird, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ elééfín méjì, Quorra àti Alburkah, wọ odò Ọya. Nínú òyìnbó 48 tí ó bá ìrìn-àjò náà lọ, 9 péré ni ó padà sílé láàyè. Ibà ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1841 wọ́n tún gbìyànjú, ibà tún pa wọ́n. Ní 1854 ọkọ̀ tí ń jẹ́ Pleiad wọ odò kan náà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń lo oògùn kuiníìnì lójoojúmọ́, òyìnbó kan kò sì kú. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé Crowther wà nínú ìrìn-àjò ti 1841 àti ti 1854. Ọmọ tí wọ́n fi ọkọ̀ afẹ́fẹ́ gbé lọ ní ẹrú ni ó fi ọkọ̀ elééfín padà wá bí olùkọ́ni. Bí ayé ti ń yí nìyẹn.

Laird kan náà ni ó dá ilé iṣẹ́ African Steam Ship Company sílẹ̀ ní 1852, láti máa gbé lẹ́tà àti ẹrù wá sí ẹ̀bá òkun wa lóṣooṣù. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, oníṣòwò tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ kò lè fi epo pupa ránṣẹ́ sí Liverpool. Ní báyìí, ó lè san owó ẹrù àgbá mẹ́wàá péré. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti Freetown padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta rí ọ̀nà àtijẹ nínú èyí. Ire ni ọkọ̀ elééfín mú wá níbẹ̀, kò yẹ kí a fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ elééfín wà nínú àwọn ọkọ̀ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì fi da ìbọn bo Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ní 1861 wọ́n sì gba ìlú náà pátápátá. Nígbà tí ó yá, ọ̀nà òkun bọ́ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Ní 1895 Elder Dempster ti Liverpool àti Woermann ti ilẹ̀ Jámánì fọwọ́ so wọ́ pọ̀ lórí iye tí wọn yóò máa gbà. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Bí oníṣòwò bá san owó ẹrù rẹ̀, wọn yóò mú ìdá kan nínú mẹ́wàá dání, wọn yóò sì dá a padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí ó bá dán an wò, tí ó fi ẹrù sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, owó náà ti wọlé nìyẹn. Ta ni yóò fẹ́ pàdánù? Oníṣòwò ń san, ó sì ń bu ohun tí ó san kúrò lórí iye tí ó fi ń ra epo àti ẹkùrọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ ti ń rí ìdáhùn sí ìbéèrè wa kejì.

Èkó fúnra rẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ojú òkun ni wọ́n ti ń dúró, ọkọ̀ kéékèèké a sì máa já ẹrù láàárín ìgbì. Èrò pàápàá, inú àpótí kan ni wọ́n ń jókòó sí, ẹ̀rọ a gbé wọn sókè, a sì sọ̀ wọ́n sínú ọkọ̀ kékeré nísàlẹ̀. Ìjọba wá fi òkúta kọ́ ògiri gígùn wọ inú òkun láti lé iyanrìn sẹ́yìn, ọkọ̀ ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tí ó di 1926, èbúté Apápá ti parí, rélùwéè sì dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Èédú tí rélùwéè wa ń jó, Enugu ni a ti ń wà á. Ní 1909 ni wọ́n rí i ní agbègbè Údí. Iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni, iṣẹ́ òkùnkùn àti eruku. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, nígbà tí àwọn awakùsà ní Iva Valley ń jà fún owó iṣẹ́ wọn, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, 21 nínú wọn sì kú. Ẹ jẹ́ kí a rántí wọn. Èéfín tí ó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni gbogbo ènìyàn rí; ẹni tí ó wa èédú kò sí lójú ọ̀nà.

Iná èédú kò pẹ́ kí ó tó gba epo láyè. Ní 1912 àwọn ará Denmark ṣe ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Selandia, ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń tì í. Ọkọ̀ elépo kò nílò ọ̀pọ̀ ènìyàn tí yóò máa fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná tọ̀sán-tòru. Elder Dempster náà yí padà: ọkọ̀ Accra ti 1926 àti Apapa ti 1927, dísẹ́ẹ̀lì ni àwọn méjèèjì ń jó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Aureol dé, ní 1951. Ẹ bi àwọn àgbà tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òyìnbó nígbà náà. Wọn yóò sọ fún yín bí ìyá ti ń sunkún ní èbúté Apápá, bí ọmọ ti ń ju áńkáṣíìfù, títí ọkọ̀ yóò fi wọ àárín òkun. Ní 1974 ni Aureol dá iṣẹ́ èrò dúró, nítorí ọkọ̀ òfuurufú ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ṣẹlẹ̀ ní àkókò epo yìí tí ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé kọ sílẹ̀. Èkíní, ní 1956 wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ní 1958 ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí òkè òkun. Èkejì, ní 1956 kan náà, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Ideal X gbé àpótí irin 58 láti Newark lọ sí Houston. Àpótí yẹn ni a ń pè ní kọ̀nténà lónìí. Ọkọ̀ kan wà nísinsìnyí tí ó ń gbé iye tó ju 20,000 lọ. Ẹ̀kẹta, ní 1959 a dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tiwa sílẹ̀, Nigerian National Shipping Line. A sọ àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ní orúkọ àwọn ẹni ńlá wa: King Jaja, Dan Fodio, Oduduwa. Ó tó ìgbà kan tí ọkọ̀ náà lé ní 20. Ṣùgbọ́n gbèsè àti àìbójútó wọ̀ ọ́, ní 1995 ìjọba sì pa á rẹ́. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ àwọn àjèjì ni ó ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹrù wa. Èbúté wa ń dára sí i, bí irú ti Lẹ́kí tí a ṣí ní oṣù Kìíní 2023. Ṣùgbọ́n èbúté ni a ní, ọkọ̀ kò tó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo èéfín náà. Epo tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ń jó kì í ṣe bẹntiróò tí ẹ mọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó kù nílẹ̀ ni, nígbà tí a bá ti fọ epo rọ̀bì tán. Ó dúdú, ó sì ki tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti yá a lórí iná kí ó tó lè ṣàn. Bí ó bá jó, afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ kábọ́nì máa ń jáde lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ń bo ayé bí ẹni da kúbùsù bo ọmọ lọ́sàn-án; ooru inú kò rí ọ̀nà jáde. Nínú ọ̀nà 100 irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ìṣe ọmọ aráyé ń tú sí ojú ọ̀run, nǹkan bí 3 ni ó ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òkun wá. Ẹ má ṣe sọ pé 3 kéré. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ńlá ni kò tú tó bẹ́ẹ̀. Bí ayé ti ń gbóná, yìnyín ń yọ́, omi òkun ń wú, òkun sì ń ga. Láti nǹkan bí 1900 títí di ìsinsìnyí, ó ti ga sókè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà.

Ẹni tí ó bá rò pé èyí kéré, kí ó lọ sí Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ayétòrò wà, gẹ́gẹ́ bí Epinmi. Ọ̀kan wà lẹ́bàá òkun, èkejì wà láàárín òkè. Ní 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Àwọn ará ibẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ni owó. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n sì hun aṣọ, òkìkí wọn kàn káàkiri. Lónìí òkun ti gbé ilé wọn lọ ní òpópónà kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sì ń kó sẹ́yìn. Ohun tí ó fa èyí ju ẹyọ kan lọ: ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, kò sí iyanrìn tí yóò gba ìgbì dúró, ilẹ̀ náà sì lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n òkun tí ń ga kò jẹ́ kí ó sàn. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Ará Ayétòrò kò ní ọkọ̀ tí ń gbé 20,000 kọ̀nténà.

Kí ni ayé ń ṣe sí i? Àjọ kan wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ń ṣe òfin fún ọkọ̀ òkun. IMO ni à ń pè é. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2020, ó ti pàṣẹ pé kí imí-ọjọ́ inú epo ọkọ̀ má ṣe ju ìlàjì ẹyọ kan lọ nínú 100. Ní 2023 àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹnu kò pé, nígbà tí ó bá fi di bí 2050, kí ọkọ̀ òkun má ṣe dá kún ẹrù kábọ́nì ayé mọ́.

Mẹ́ta nìyí nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ọ̀kan ni kí ọkọ̀ rọra rìn: bí a bá dín eré ọkọ̀ kù ní 10 nínú 100, epo tí yóò jó nínú ìrìn-àjò kan náà lè dín kù ní nǹkan bí 20 nínú 100. Èkejì ni epo tuntun, irú bíi mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ní 2023 ni ọkọ̀ kọ̀nténà Laura Maersk, tí ó lè jó o, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta yóò pa yín lẹ́rìn-ín: afẹ́fẹ́ ni! Ní 2023 kan náà, wọ́n ri ìyẹ́ ńlá méjì mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù Pyxis Ocean kí afẹ́fẹ́ lè bá ẹ̀rọ rẹ̀ tì í. Ohun tí a jù sẹ́yìn ilé ni a tún padà lọ ń wá.

Ṣùgbọ́n epo tuntun wọ́n ju gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ, nítorí náà ni ìbéèrè kejì wa ṣe tún dìde. Láti oṣù Kìíní 2024, àwọn ará Yúróòpù ti ń gba owó lórí èéfín ọkọ̀ ńlá tí ó bá wọ èbúté wọn. Fún ọkọ̀ tí ó ti Èkó gbé kòkó lọ sí Amsterdam, ìlàjì èéfín ìrìn-àjò náà ni wọ́n ń kà sí i lọ́rùn. Ọlọ́kọ̀ yóò gbé e lé ẹni tí ó ni ẹrù. Ẹni tí ó ni ẹrù ńkọ́? Ẹ rántí 1895. Àgbẹ̀ kì í dá iye lé kòkó rẹ̀. Iye tí ọjà òkè òkun bá dá ni, a ó yọ owó ọkọ̀, a ó yọ owó èbúté, a ó yọ ti alágbàtà, èyí tí ó kù ni tirẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá fi kún ọ̀nà lè dín apá tirẹ̀ kù.

Ní oṣù Kẹrin 2025, àjọ IMO gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí ọkọ̀ tí ó bá tú èéfín jù san owó, kí a kó owó náà jọ sínú àpò kan, kí a sì fi nínú rẹ̀ ran àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún náà, tí ó yẹ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, àríyànjiyàn pọ̀, Amẹ́ríkà takò ó gidigidi, wọ́n sì sún un síwájú fún ọdún kan.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí èéfín bá ń rú lọ bẹ́ẹ̀, Ayétòrò ni yóò san án, yóò fi ilẹ̀ baba rẹ̀ san án. Bí a bá dá èéfín dúró láìfi òótọ́ ṣe é, Epinmi ni yóò san án, yóò fi owó kòkó rẹ̀ san án. Ìpínlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a má ṣe yí padà kò sọ òótọ́ fún wa. Ẹni tí ó bá sì ní kí a kàn yí padà ṣá, láìbéèrè ẹni tí yóò sanwó, kò sọ òótọ́ fún wa pẹ̀lú. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Èrò tèmi nìyí. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín owó èéfín, kí àwọn aṣojú wa dárúkọ Ayétòrò, kí wọ́n sì dárúkọ àgbẹ̀ kòkó. Kí àwọn ọmọ wa lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ tuntun, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ tí ó wà ní Oron àti níbòmíràn, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹrù nìkan ni a óò máa gbé lọ sí èbúté. Nígbà afẹ́fẹ́, wọn kò bi wá kí wọ́n tó kó wa. Nígbà èédú, wọn kò bi wá. Nígbà epo, díẹ̀ ni wọ́n bi wá. Ìgbà kẹrin ni èyí; bí wọn kò bá bi wá, kí àwa fúnra wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Ẹ mú àwòrán ilẹ̀, ẹ fi ìka tọ ọ̀nà àpò kòkó kan láti Epinmi dé Èkó, kí ẹ sì tọ̀ ọ́ láti Èkó dé Amsterdam. Ní gbogbo ibi tí ìka yín bá ti dúró, ẹ bi ara yín pé: ta ni ó ń gba owó níbí, ta sì ni ó ń san án?

Ó dìgbà o. Kí ilé ó tòrò, kí ọ̀nà ó là.